Òṣùwọ̀n Tí A Fi Ń Wo Àtọ̀

Ní ọdún 1677, ní ìlú Delft ní ilẹ̀ Họ́láńdì, Antonie van Leeuwenhoek, oníṣòwò aṣọ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán dígí títí ó fi rí ohun tí ojú ọmọ aráyé kò rí rí, kọ̀wé ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù pé àwọn ohun abẹ̀mí wẹ́wẹ́ kan, olórí róbótó, onírù gígùn, ń lúwẹ̀ẹ́ nínú àtọ̀ ọkùnrin. Rírí wọn kọ́ ni ìṣòro láti ìgbà náà. Mímọ èyí tí ìrísí rẹ̀ pé nínú wọn ni ó ń dá àwọn ọ̀mọ̀ràn lágara.

Ohun tí orí rẹ̀ kò gùn ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 1000 mìlímítà lọ, báwo ni a ó ti ṣe wọ̀n ọ́n? Wọn a tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, wọn a rẹ ẹ́ láró. Ṣùgbọ́n aró kan a máa sún orí rẹ̀ kì, òmíràn a sì máa mú un wú, kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó rárá.

Ní Tygerberg ní Gúúsù Áfíríkà, Menkveld àti Kruger gbé ìlànà líle kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Àwọn àtọ̀ tí ó ti la ọ̀nà já dé inú omi yíyọ̀ ẹnu ilé-ọmọ lẹ́yìn ìbálòpọ̀ ni wọ́n lọ wò, wọ́n rí i pé wọ́n jọra bí ọmọ ìyá, wọ́n sì fi wọ́n ṣe àwòṣe. Èyíkéyìí tí ó bá mú iyèméjì dání, aláìpé ni wọ́n kà á sí. Ọgbọ́n ńlá ni èyí lójú mi, nítorí ara obìnrin gan-an ni wọ́n fi ṣe adájọ́.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míìn. Kí ìrísí ìdá 50 nínú 100 àtọ̀ pé ni ìwé ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé béèrè ní 1987. Ní 1992 ó di 30. Ní 2010 ó di 4 péré. Nínú 200 àtọ̀ tí a bá kà, 8 ni 4 yẹn, tí ojú bá sì ṣi ẹyọ kan ṣoṣo wò, ìdájọ́ yí padà. Nítorí náà ni wọ́n fi pàṣẹ pé kí a kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àánú ọkọ tí ó di ìwé èsì mọ́wọ́ lọ sílé, tí orí rẹ̀ wálẹ̀ níwájú aya àti ìyá, a máa ṣe mí, nítorí lára àwọn bàbá tí aya wọn lóyún láàárín ọdún kan ni wọ́n ti mú 4 náà jáde, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bí 5 nínú 100 àwọn bàbá wọ̀nyẹn kò sì tó o.