Àkísà Lára Ọ̀bẹ Àtijọ́

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. A sábà máa ń gbọ́ òwe yìí níbi tí ẹnu ọ̀dọ́ kan bá ti fẹ́ ju ẹnu baba rẹ̀ lọ. Àwọn àgbà á ní ìrírí kò ṣeé fi owó rà. Ìtumọ̀ yẹn tọ̀nà, àmọ́ ó ti jẹ́ kí á gbójú fo ọ̀rọ̀ aṣọ tó wà nínú òwe náà gan-an. Kò sí ahunṣọ tó ń hun àkísà. Owó ni í ra aṣọ, ọdún ni í sọ ọ́ di àkísà. Ẹni tó bá dúró níwájú òǹtajà ohun àtijọ́ ní Ouagadougou ní Burkina Faso, tí wọ́n na ọ̀bẹ olójú méjì sí i pé ti jagunjagun ni, pé ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, apá kejì òwe yìí ni kó dì mú. Bí ọ̀bẹ ṣe rí, fínfín ara rẹ̀, idẹ èkù rẹ̀, aṣọ ni gbogbo ìyẹn; alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ á parí rẹ̀ kí ọjọ́ ọjà tó pé. Àkísà ló ń ṣòro fún oníjìbìtì, ibẹ̀ náà ni ọwọ́ ti ń tẹ̀ ẹ́.

Ìlú oníṣẹ́ ọwọ́ sì ni Ouagadougou. Láti 1988 ni wọ́n ti ń pàtẹ ọjà iṣẹ́ ọwọ́ ńlá tí wọ́n ń pè ní SIAO níbẹ̀. Àwọn Mossi ń fi ìda mọ ère, wọn a fi amọ̀ bò ó, wọn a sì da idẹ yíyọ́ sí i. Àwọn alágbẹ̀dẹ Tuareg náà wà láàárín ìlú, àwọn mìíràn nínú wọn sá wá láti Mali nígbà ogun 2012. Kí ẹnikẹ́ni má pe àwọn wọ̀nyí ní oníjìbìtì o. Ọ̀bẹ tuntun ni wọ́n ṣe, ọ̀bẹ tuntun ni wọ́n tà. Ẹnu kejì, ẹnu kẹta, ni ọ̀bẹ náà ti ń dàgbà.

Ẹ jẹ́ ká mú telek, ọ̀bẹ apá àwọn Tuareg. Apá òsì ni wọ́n ń so ó mọ́, tí èkù rẹ̀ á kọjú sí ọwọ́, kí ọwọ́ ọ̀tún lè fà á yọ kíá. Ìdè awọ kan wà lára àkọ̀ rẹ̀ tí apá ń wọ̀. Ẹni tó fẹ́ kó gbó ní ọ̀sán kan á fi pólíìṣì bàtà ra àkọ̀ náà, á rú èéfín sí i, á sì fi omi iyọ̀ tàbí ásíìdì bátìrì fọ irin rẹ̀ kó lè dógùn-ún. Ibi tí ojú ń wò ló ti ṣiṣẹ́. Ẹ yí ìdè awọ yẹn síta, kí ẹ wo inú rẹ̀. Èyí tí apá ti wọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, òógùn ti mú inú rẹ̀ dúdú, ó ti le, ó ń dán níbi tó ti ń ha ara, oòrùn sì ti pa ẹ̀yìn rẹ̀ ṣá. Ti ayédèrú á dúdú lẹ́yìn, inú rẹ̀ á mọ́ fóó. Ẹ wá wo èkù: àtàǹpàkò a máa pa fínfín ara idẹ rẹ́ lójú kan. Bó bá parẹ́ dọ́gba-dọ́gba yíká, pépà tí káfíńtà fi ń ha igi ló ṣe é. Ìpáàrà àtijọ́ dúdú, ó sì lẹ̀ típẹ́. Ti àná pupa, ó ń bá ìka wá.

Irin inú ọ̀bẹ náà tún ń jẹ́rìí. Láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹjọ ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n ti ń yọ́ irin ní Douroula. Ní 2019, UNESCO kọ ibẹ̀ àti ibi mẹ́rin mìíràn ní Burkina Faso mọ́ ogún àgbáyé. Irin inú ìléru amọ̀ kì í mọ́ tán. Ìdàrọ́ máa ń kù sínú rẹ̀, ọmọ owú á lù ú gùn, nígbà tí ìpáàrà bá sì jẹ ẹ́, ìlà gbọọrọ-gbọọrọ á hàn bíi ti ara pákó. Sípíríǹgì mọ́tò kò ní irú ìlà bẹ́ẹ̀. Ihò wẹ́wẹ́ ni ìpáàrà ń lu sí i lára. Ọ̀bẹ sípíríǹgì lè gbó lóòótọ́, torí ó ti pẹ́ tí àwọn alágbẹ̀dẹ Sahel ti ń lò ó, ṣùgbọ́n kò lè bá ẹnikẹ́ni jagun kí mọ́tò tó dé.

Ti ọ̀bẹ ẹnu ìbọn Lebel ti 1886, tí àwọn ọmọ ogun Faransé ń pè ní Rosalie, rọrùn díẹ̀, torí ohun tí ìjọba bá ṣe a máa ní nọ́ńbà. Ọ̀pọ̀ ọmọ Mossi ló bá Faransé ja ogun 1914, nítorí náà ìtàn bàbá àgbà tó gbé e bọ̀ wálé kò wọ́n lẹ́nu òǹtajà. Ẹ fi ìtàn sílẹ̀, kí ẹ fi èékánná tọ́ nọ́ńbà náà. Èyí tí wọ́n lù láìpẹ́ máa ń ga létí, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á sì máa kọ mànà. Bí ẹ bá rí síkúrù tí orí rẹ̀ ní àmì àgbélébùú lára ọ̀bẹ tí wọ́n ní ó ti ogun yẹn bọ̀, ẹ dá a padà: 1936 ni Henry Phillips gba ìwé àṣẹ irú síkúrù bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ibi tó le jù ni ọ̀bẹ tí ẹ̀yà rẹ̀ gbogbo gbó, àmọ́ tí wọn ò bá ara wọn gbó. Ní Solingen ní Jámánì, wọ́n fi àjẹkù ẹ̀yà tó kù ní ilé iṣẹ́ to ọ̀bẹ tuntun lẹ́yìn 1945, wọ́n sì tà á fún àwọn tó ń wá ohun ìrántí ogun Hitler. Ní Sahel, kì í ṣe ẹ̀tàn bí idà takouba tó jẹ́ irin Yúróòpù bá pààrọ̀ èkù láti ọwọ́ baba dé ọwọ́ ọmọ. Bí wọ́n ṣe ń lo idà nìyẹn. Ojú oríkèé, níbi tí irin ti wọnú èkù, ni kí ẹ pẹ́ sí.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìwé. Òfin 2007 tó ń dáàbò bo ogún àṣà Burkina Faso kò gbà kí wọ́n kó ohun àtijọ́ tó wà lábẹ́ ààbò jáde láìgbàṣẹ. Kí owó tó yọ, ẹ fara balẹ̀ sọ fún òǹtajà pé kí ó bá yín gba ìwé àṣẹ náà. Ẹ ó gbọ́ bí ọ̀bẹ ọgọ́rùn-ún ọdún ṣe ń di iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá.