Ohùn Ẹnu Kì í Ṣe Òṣùwọ̀n Ọgbọ́n



Ẹ jẹ́ kí á bi ara wa ní ìbéèrè kan. Bí ìpàdé bá ń lọ lórí owó òwú tàbí lórí kànga abúlé, tí ọkùnrin kan dìde, tí ó ń sọ èdè Faransé bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Paris dé, tí àgbẹ̀ kan sì tẹ̀ lé e, tí ó fi ohùn oko rẹ̀ sọ̀rọ̀, ta ni a máa ń gbà gbọ́? Ọ̀pọ̀ wa yóò ti ka ti àkọ́kọ́ sí ọlọ́gbọ́n kí ó tó parí gbólóhùn kan. Ti èkejì, a ó ti rẹ́rìn-ín kí á tó gbọ́ ohun tí ó wí. Bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé àgbẹ̀ yẹn nìkan ni ó mọ ibi tí omi wà.

Níbo ni àṣà yìí ti wá? Apá ńlá nínú rẹ̀ bá àwọn Faransé wọ ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kó o dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ti fi jẹ ara wọn níyà. Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ìtàn náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé èdè kan ṣoṣo ni gbogbo ará ilẹ̀ Faransé ń sọ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìwọ̀-oòrùn, Breton ni wọ́n ń sọ; ní gúúsù, Occitan; ní ẹsẹ̀ òkè Pyrénées, Basque. Èdè Faransé ni ti agbègbè Paris, níbi tí ọba wà. Ní ọdún 1539, Ọba François Kìíní pàṣẹ ní Villers-Cotterêts pé èdè Faransé ni kí a máa fi kọ ìwé ilé ẹjọ́ dípò Látìn. Ẹni tí ó bá ń wá ipò ní láti kọ́ ahọ́n rẹ̀ ní èdè ọba.

Ní 1789, ará ìlú dìde sí ọba. Ènìyàn lè rò pé ẹ̀gàn èdè yóò bá ọba lọ. Kò bá a lọ. Ní 1794, àlùfáà kan tí ń jẹ́ Grégoire mú ìròyìn wá síwájú ìgbìmọ̀ ìjọba. Ó ní, ó kéré tán, mílíọ̀nù 6 ènìyàn ni kò gbọ́ Faransé, pàápàá ní ìgbèríko. Pé iye tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ni kò lè fi í bá ènìyàn sọ̀rọ̀ jìnnà. Pé àwọn tí ó ń sọ ọ́ dáadáa kò ju mílíọ̀nù 3 lọ. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí a pa àwọn èdè yòókù run. Ní ọdún yẹn kan náà, Barère ti sọ níwájú ìgbìmọ̀ náà pé Breton ni èdè àwọn tí kò fẹ́ ìjọba tuntun. Ẹ wò ó: àgbẹ̀ Breton kò tíì sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ohùn rẹ̀ ti sọ ọ́ di ọ̀tá.

Ní 1881 àti 1882, òfin Jules Ferry sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, ó sì sọ ọ́ di dandan. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀ ní Bretagne àti ní gúúsù, ọmọ tí ó bá fọ èdè ìyá rẹ̀, wọ́n á fi àmì kan kọ́ ọ lọ́rùn: ègé igi, tàbí bàtà onígi. Kò ní kúrò lọ́rùn rẹ̀ àfi bí ó bá mú ọmọ mìíràn tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá parí ni yóò jìyà. Báyìí ni a sọ ọmọ di amí fún ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ jókòó sí ilé ẹ̀kọ́ láyé àtijọ́, ǹjẹ́ ẹ kò mọ àmì yìí? Láàárín 1892 sí 1894, ogun Faransé ṣẹ́gun Ọba Béhanzin, wọ́n sì fi Dàhòmì sábẹ́ wọn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1924, àṣẹ jáde láti Dakar fún gbogbo ilẹ̀ Faransé ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà pé èdè Faransé nìkan ni kí a máa lò ní ilé ẹ̀kọ́, kí olùkọ́ má ṣe fi èdè ìlú bá ọmọ sọ̀rọ̀. Irú àmì tí wọ́n fi kọ́ ọmọ Breton lọ́rùn ni wọ́n fi kọ́ ọmọ tiwa. Lẹ́yìn òmìnira 1960 pàápàá, kò parẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ tí ó já fáfá nínú Faransé di akọ̀wé, ó di ògbufọ̀. Bàbá rẹ̀ tí ó mọ ìtàn ilẹ̀ láti ìpìlẹ̀ di ẹni tí kò mọ nǹkan.

Ẹ̀yin lè sọ pé: ṣebí ẹni tí ó bá gbọ́ Faransé dáadáa ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gàn? Rárá o. Ní gúúsù Faransé, ọ̀pọ̀ ìdílé ti pàdánù èdè Occitan. Èdè lọ, ohùn kù. Jean Jaurès, ọmọ Castres, tí wọ́n pa ní 1914, wà lára àwọn tí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ jù lọ ní ilé aṣòfin. Ohùn gúúsù kò kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń fi èdè ibẹ̀ bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀. Síbẹ̀ ẹ̀gàn kò tán. Nígbà tí Jean Castex, ọmọ agbègbè Gers, di olórí ìjọba ní 2020, ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ló sọ nípa ohùn rẹ̀ kí wọ́n tó rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ilé aṣòfin ní Paris dìbò 98 sí 3 lórí àbá òfin pé kí a má ṣe fi ohùn ẹnu du ènìyàn ní iṣẹ́. Ìdìbò ilé kan nìyẹn, àbá kì í di òfin ní ilé kan. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ọgbẹ́ náà kò tíì jinná ní ilé onílé.

Kí ni ìtàn yìí kọ́ wa? Ibi tí àga ìjọba bá wà ni a ń pe ohùn ibẹ̀ ní ohùn tí ó tọ́. Ká ní Toulouse ni ọba fi ṣe ibùjókòó, ará Paris ni wọn ì bá máa fi rẹ́rìn-ín.

Ẹ má sì jẹ́ kí á di gbogbo ẹ̀bi ru òyìnbó. Àwa náà ń ṣe é. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ọmọ Oṣoògùn, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Bíbélì tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ parí ní 1884. Ohùn Ọ̀yọ́ ni ó pọ̀ jù nínú ìwé wọn. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì ń ṣe wá láǹfààní títí di òní. Ṣùgbọ́n a rí ẹni tí ó ń sọ fún ará Kétu, ará Ṣábẹ tàbí Ifẹ̀ Atakpamé pé, "Yorùbá tìrẹ kò tọ́." Ìwé yan ohùn kan kí á lè jọ kà á. Kò sọ pé àwọn ohùn yòókù kì í ṣe èdè.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìwé kíkà lálẹ́, bí ìyá kan bá dìde kà, tí ohùn ìlú rẹ̀ jáde, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí a fi rẹ́rìn-ín lónìí lè má padà wá lọ́la. Bí ẹnì kan bá sì dúró níwájú yín tí ó ń wá ìbò, ẹ fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta: Kí ni ó wí? Ṣé òótọ́ ni? Kí ni ó ti ṣe rí? Òfin ìpìlẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọdún 1990 fún gbogbo ẹ̀yà ní ẹ̀tọ́ láti máa sọ èdè wọn, kí wọ́n sì máa kọ ọ́. Ẹ lo ẹ̀tọ́ náà.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í sì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè, ohùn yòówù kí ó fi sọ ọ́.

Ó dìgbà kan ná.