Ẹni tó wá ejò láti mọ̀ ọ́n

Ẹnì kan fi àwòrán ejò tí wọ́n pa lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ránṣẹ́ síbí lánàá, gbogbo wa sì ń kí i kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kékeré kan nípa Lọ́kọ́ja tí a ti ń ṣòwò yìí.

Ẹ mọ Dókítà Baikie, òyìnbó ará Scotland tó dá ọjà sílẹ̀ níbi tí odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé. Ní 1854, ọkọ̀ Pleiad ló gbé e gòkè odò, Àjàyí Crowther náà sì wà nínú ọkọ̀ ọ̀hún. Ní 1857, ọkọ̀ rẹ̀ kejì, Dayspring, fọ́ mọ́ àpáta nítòsí Jẹ́bà. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá fìdí kalẹ̀ sí Lọ́kọ́ja.

Baikie a máa ṣa ewéko àti ẹranko jọ. Ó kú ní Sierra Leone ní 1864. Ní 1865, John Edward Gray ti British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù fi orúkọ rẹ̀ pe ẹranko ilẹ̀ wa kan: Baikia. Kì í ṣe ejò o. Ìbátan alángbá ni, kò lẹ́sẹ̀, kò ní oró, abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbé. Tí àwa bá rí i lábẹ́ àpò, igi ló máa bá a.

Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn omíyalé 2012, ejò kan sá sábẹ́ pákó ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ní kí ọmọọṣẹ́ mi ti ọwọ́ bọ ibẹ̀, kó fà á jáde kí a pa á. Ó bù ú ṣán. A fi bíléèdì sín in, a so ọwọ́ rẹ̀ pinpin, ilẹ̀ ti ṣú kí a tó dé ilé ìwòsàn. Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n ìka méjì lọ. Títí dòní, tó bá ń ka owó, ojú ń tì mí.

Oró ejò gan-an ni wọ́n fi ń ṣe oògùn tí wọ́n fún un. Àwọn dókítà Nàìjíríà pẹ̀lú ti Liverpool àti Oxford ṣe iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní EchiTAb. Wọ́n mú ejò carpet viper láàyè nílẹ̀ wa, wọ́n sì fún oró rẹ̀. Ní Costa Rica, wọ́n ń fún ẹṣin ní oró díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ara ẹṣin fi ń bá oró jà ni wọ́n ń yọ ṣe oògùn. Ó ń ṣiṣẹ́ fún carpet viper, paramọ́lẹ̀ àti sèbé.

Àwọn wá ejò láti mọ̀ ọ́n, wọ́n rí oògùn. Èmi wá a láti pa á, ìka ọmọ ọlọ́mọ ni mo fi san án.

Ẹ jọ̀ọ́, tọ́ọ̀ṣì àti igi gígùn ni kí ẹ fi máa wo abẹ́ ẹrù, kì í ṣe ọwọ́. Tí ejò bá buni ṣán, ẹ má sín gbẹ́rẹ́, ẹ má so ó. Kí ẹni náà má rìn. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ẹ sì ti béèrè láti ìsinsìnyí, èwo ló ní oògùn náà nítòsí yín.