Bí àgbẹ̀ ṣe fi òfin mú àwọn tó ń ta katakata

Kí ẹ tó gba ẹni tó ní ẹ̀rọ òun "kì í mu epo rárá" gbọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nebraska, ní Amẹ́ríkà.

Láyé Ogun Àgbáyé Kìíní, katakata kún ọjà níbẹ̀, irọ́ sì kún ìpolówó. Àgbẹ̀ kan, Wilmot Crozier, ra èyí tí wọ́n pè ní Ford, àmọ́ kì í ṣe ti Henry Ford o! Kò wúlò fún un. Ìgbà tó dé ilé aṣòfin, òun àti Charles Warner gbé òfin jáde ní 1919: ẹni tó bá fẹ́ ta katakata gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ọ̀kan wá sí yunifásítì ní Lincoln, kí wọ́n wọn agbára rẹ̀ àti epo tó ń mu. Ó tún gbọ́dọ̀ ní páàtì rẹ̀ nílẹ̀ nínú ìpínlẹ̀ náà (èyí ló wù wá jù).

Waterloo Boy, oní-kẹrosíìnì, ló kọ́kọ́ yege, ní 1920. Ìgbà tí Caterpillar oní-dísẹ́ẹ̀lì dé ní 1932, kò sí èyí tó ṣọ́ epo lò tó o. Ẹ́ńjìnnì yẹn máa ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí á fi gbóná, tí epo á gbiná fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń fi katakata kékeré gé koríko pápá ńlá, ẹ lè wọn tiyín: ẹ rọ epo kún táǹkì dẹ́nu, ẹ gé koríko fún wákàtí kan, kí ẹ wá ka iye lítà tí ẹ fi tún un kún. Ẹ pọ́n abẹ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ o, torí abẹ tó ti kú máa ń jẹ epo.