Ẹni Tó Sùn Kò So

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dáwọ́ lé wíwá orúkọ Yorùbá fún ibùsùn aṣọ tí àwọn arìnrìn-àjò inú igbó máa ń ta sáàárín igi méjì, tí òyìnbó ń pè ní hámọ́ọ̀kì, "ibùsùn àsorọ̀" ni ó sọ sí mi lọ́kàn, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe, àfi ìgbà tí mo kà á fún àgbà kan, tí ó wò mí títí, tí ó ní, "Ọmọ mi, ta ni ó so?" Ẹni tí ó bá gbédè mọ̀ pé bí a bá fi ọ̀rọ̀ kékeré yìí sọ ènìyàn, ikú ni à ń wí, àti pé títí di òní ni àwọn ọmọ Olúkòso ń tẹnu mọ́ ọn pé ọba kò so. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́ ni à ń tẹ́ sábẹ́ ẹni tí ó fẹ́ sùn.

Àwọn Taíno, ará erékùṣù Caribbean, ni wọ́n ni hamaca, tí àwọn ará Spain tí ó bá Columbus lọ ní 1492 gbà lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n Pero Vaz de Caminha, tí ó kọ̀wé sí ọba Portugal láti Brazil ní 1500, orúkọ àwọ̀n ni ó fi pè é, rede, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń pè é níbẹ̀ di òní. Àwọ̀n kò bá tiwa mu, nítorí àwọ̀n ẹ̀fọn tún ń bẹ lórí rẹ̀. Jangirọ́fà, eré ọmọdé ni. Mo wá fàbọ̀ sórí kọ́, ọ̀rọ̀ tí a fi ń gbé agbádá sára ògiri: ibùsùn àfikọ́. Ibùsùn ni a fi kọ́, okùn ni a so mọ́ igi, ènìyàn sì dùbúlẹ̀ ní tirẹ̀.

Ohun tí a fi ń yí igi ká kò fún mi ní wàhálà: ọ̀já ni. Bí ìyá kì í ti í fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ pọnmọ, bẹ́ẹ̀ ni okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kò yẹ igi, nítorí yóò bó o léèpo. Ọ̀já tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2.5, ó kéré tán, ni à ń fẹ́. Ní ti okùn, kí a máa wí pé ó dẹ̀, nítorí igun dígírì 30 ni ó dára kí ó fi dà sísàlẹ̀. Níbẹ̀, ìhà kọ̀ọ̀kan ń ru ohun tí ó dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo ẹni tí ó sùn, ṣùgbọ́n bí a bá fà á le títí igun náà fi di 10, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta. Kúbùsù tún wà tí a ń fi kọ́ sábẹ́ ibùsùn lóde, nítorí èyí tí a bá tẹ́ sínú yóò di pẹlẹbẹ lábẹ́ ara, òtútù yóò sì gbà á kọjá. Aṣọ abẹ́ ti níṣẹ́ tirẹ̀ lára ènìyàn. Kúbùsù ìsàlẹ̀ ni kí a pe eléyìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ gbé dùn mọ́ mi jù ni ti ẹni méjì tí ó pín ojú kan. Lójú ọ̀nà ẹsẹ̀ Appalachian ní Amẹ́ríkà, tí ó gùn ju kìlómítà 3,500 lọ láti Georgia dé Maine, ilẹ̀ a máa dagun, a máa kún fún òkúta, igi sì pọ̀. Ọ̀rẹ́ méjì lè lo igi mẹ́ta níbẹ̀, kí ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì kọjú sí ọ̀kan, kí orí oníkálukú sì wà lọ́dọ̀ igi tirẹ̀. Igi àárín yẹn ni mo pè ní igi àjọní. Bí igi kò bá ju méjì lọ, wọn a kọ́ ibùsùn méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lábẹ́ òrùlé aṣọ kan ṣoṣo, wọn a sì fi ọ̀pá yà wọ́n ní ìhà orí àti ìhà ẹsẹ̀. Ọ̀pá àlà ni mo sọ ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bí a bá fa gbùrù, gbùrù a fa igbó: bí ẹnì kan bá yí ìhà padà lóru, ẹnìkejì yóò mọ̀. Kíkọ́ ọ̀kan sókè èkejì ni mo pè ní ìkọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, n kò sì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀, nítorí bí okùn òkè bá já, ẹni ìsàlẹ̀ ni ẹni òkè yóò já lé, àbúrò wo ni yóò sì nasẹ̀ sórí ẹ̀gbọ́n mọ́jú?

Ó ku orúkọ àwọn méjèèjì fúnra wọn. Alábàásùn kò ṣeé wí láàárín ọ̀rẹ́. Mo kọ alájọpàgọ́ sílẹ̀, mo sì gbé e tọ àgbà náà lọ. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n máa kà lọ.