AHORO Ọ̀YỌ́-ILÉ: TA NI Ó SỌ Ọ́ DI AHORO?

Ẹni tí ó bá dàgbà ní Òkè-Ògùn, ìbáà ṣe ní Ṣakí, ìbáà ṣe ní Ìsẹ́yìn tàbí ní Ìgbòho, kò ní ṣàì ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé Ọ̀yọ́-Ilé ni àwọn baba ńlá ìdílé báyìí-báyìí ti ṣí wá. A gbọ́ ọ títí ó fi di ohun tí à ń gbọ́ láì fetí sí i mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí a máa ń gbọ́, èyí tí ó máa ń dun àwọn ọ̀dọ́ wa nílé ẹ̀kọ́: pé Mùsùlùmí ni ó ba Ọ̀yọ́ jẹ́. Àwọn kan nínú wa a sì dáhùn pẹ̀lú ìgbéraga pé bẹ́ẹ̀ ni, ogun ẹ̀sìn ni, àwa ni a ṣẹ́ ẹ. Àríyànjiyàn yìí ni ó gbé wa dìde. A ní kí a kọ́kọ́ lọ fi ojú rí ibi tí à ń jà lé lórí.

Inú igbó ìjọba ni ahoro náà wà. Láti 1941 ni wọ́n ti fi ibẹ̀ ṣe igbó àdásí. Ní 1952 ó di igbó tí a kò gbọdọ̀ ti ṣọdẹ. Ní 1991 ìjọba àpapọ̀ pa á pọ̀ mọ́ igbó apá òkè odò Ògùn, ó di ọgbà ẹranko tí à ń pè ní Old Oyo National Park, tí ó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Ẹnikẹ́ni kò lè dá wọ ibẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ igbó ni ó ní láti ṣíwájú.

A gbéra ní Ṣakí lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, a gba Ìgbòho, a dé Ìgbẹ́tì, ìlú abẹ́ àpáta. Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀nà kò tún jẹ́ ọ̀nà mọ́. Pápá ni lọ́tùn-ún, pápá ni lósì, igi òrí, igi irú, àti koríko tí ó ga ju ọkọ̀ wa lọ. Bàbá ẹ̀ṣọ́ tí ó mú wa lọ ṣáà ń sọ pé, "Ó kù díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi." Díẹ̀ náà kò tán bọ̀rọ̀.

Nígbà tí bàbá wí pé, "Odi nìyí," kò sí ẹni tí ó rí odi nínú wa. Òkìtì gígùn kan ni a rí, tí igi ti hù lé lórí, àti kòtò gbọọrọ tí ó bá a rìn. Ìgbà tí a fi ojú tọ̀ ọ́ lọ tí a kò rí òpin rẹ̀ ni a tó mọ ohun tí à ń wò. Òkìtì yẹn ni odi, kòtò yẹn ni yàrà. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa, tí ó ti rí àwòrán ahoro àwọn ilé odi ilẹ̀ Japan, ti rò pé òkúta títò ni a ó bá. A kò lè bá a wí. Ní Azuchi, níbi tí jagunjagun Oda Nobunaga kọ́ ilé odi tirẹ̀ parí sí ní 1579, tí iná sì jó o ní 1582, àtẹ̀gùn òkúta rẹ̀ ṣì wà tí àwọn ènìyàn ń gùn ún lọ wòran títí di òní. Amọ̀ ni àwọn baba tiwa fi mọ odi. Ohun tí a bá sì fi amọ̀ mọ, a ní láti máa rẹ́ ẹ lóòrèkóòrè. Ọjọ́ tí àwọn tí ń rẹ́ ẹ bá ti lọ, òjò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn.

Lára àwọn tí ó rí odi náà nígbà tí ó ṣì dúró, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, ni Hugh Clapperton, òyìnbó ará Scotland, tí òun àti Richard Lander ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ wọ ìlú náà ní January 1826. Katunga ni àwọn Hausa ń pè é. Ó kọ ọ́ pé odi náà ga tó ẹsẹ̀ bàtà 20, pé ìyíká rẹ̀ tó máìlì 15, pé ẹnubodè rẹ̀ jẹ́ 10, àti pé ọjà 7 ni wọ́n ń ná nínú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ó tún kíyè sí i pé oko ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí odi náà yí ká. Ọba Májòtú, tí ó wà lórí ìtẹ́ nígbà náà, wá ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ sí àwọn tí ó ti gba Ìlọrin mọ́ ọn lọ́wọ́. Clapperton kò lè ṣe é. Ní 1827 ó kú sí Sokoto.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ rí ni pé èyí kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́ tí Ọ̀yọ́-Ilé di ahoro. Láyé Aláàfin Onígbogí, ogun Tápà lé ọba àti ará ìlú jáde, wọ́n sá lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá. Nígbà tí ó pẹ́, wọ́n tẹ Ìgbòho dó, Aláàfin mẹ́rin sì jọba níbẹ̀ tẹ̀lé ara wọn. Igbó Ọba tí wọ́n sin àwọn Aláàfin sí kò jìnnà sí wa. Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897 (1921 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde), sọ pé nígbà tí Aláàfin Abípa fẹ́ kó ìlú padà sí Ọ̀yọ́, àwọn ìjòyè kò fẹ́, nítorí wọ́n ti kọ́lé, wọ́n ti dáko sí Ìgbòho. Wọ́n kó àwọn abuké, àwọn arọ àti àwọn àfín jọ, wọ́n rán wọn lọ sínú ahoro láti máa ké lóru, kí àwọn tí ọba rán lọ lè padà wá sọ pé iwin ti gba ibẹ̀. Ọba kò bá wọn jiyàn. Ó rán àwọn ọdẹ lọ, àwọn ọdẹ sì kó gbogbo "iwin" náà wá fún un ní Ìgbòho. Ìdí nìyí tí a fi ń pe Abípa ní Ọba Amórò. A rẹ́rìn-ín títí nígbà tí a rántí ìtàn yìí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ wo ìlú náà ní aago mẹ́rin ọ̀sán, kí igbó dákẹ́ rọ́rọ́, ìwọ náà yóò gbà pé iwin wà.

Ìgbòho yìí kan náà ni a ti gbọ́ ohùn Mùsùlùmí nínú ìtàn Ọ̀yọ́. Johnson náà ni ó sọ ọ́, òun tí í ṣe àlùfáà ìjọ Kírísítì. Àkọ́bí Aláàfin Ajíbóyèdé kú. Ọba rò pé àwọn tí ó wá bá òun kẹ́dùn ń tanni jẹ ni, nítorí wọ́n ti jẹun kí wọ́n tó wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n. Àlùfáà Mùsùlùmí kan láti ilẹ̀ Tápà rán ọmọ rẹ̀ sí i pé ohun tí ó ń ṣe kò tọ́: Ọlọ́run ni ó gba ẹ̀mí ọmọ rẹ̀, kì í ṣe àwọn aláìṣẹ̀ tí ó ń pa. Ọba gbọ́, ó pe àwọn ènìyàn jọ, ó tọrọ àforíjì. Àlejò ni àlùfáà yìí, kò ní ọmọ ogun, kò ní ẹṣin.

Nígbà tí a ó fi rí 1817, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ṣùgbọ́n kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí a rántí pé inú ilé ni àìsàn Ọ̀yọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Baṣọ̀run Gáà ti ń mú kí àwọn ọba kú, títí Aláàfin Abíọ́dún fi borí rẹ̀ ní 1774. Lẹ́yìn Abíọ́dún, àwọn ìjòyè rẹ̀ kọ Awólẹ̀ lọ́ba. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tí í ṣe ọmọ Yorùbá, tí kì í sì í ṣe Mùsùlùmí, ni ó kọ̀ fún Ọ̀yọ́ ní Ìlọrin. Òun ni ó ké sí Shehu Àlímì, ọmọ Fúlàní. Àwọn Mùsùlùmí Yorùbá kó ara wọn jọ sí Òkè Súnà lábẹ́ Ṣọlágbẹrú. Àwọn ẹrú Hausa ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ gbọ́ pé ẹni tí ó bá dé Ìlọrin di òmìnira, wọ́n sì ń sá lọ.

Ẹnì kan wà nínú Ọ̀yọ́ nígbà náà tí ó sọ ohun tí ó rí. Ali Eisami ni orúkọ rẹ̀, Mùsùlùmí ará Borno tí ogun kó, tí wọ́n sì tà dé ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí ìròyìn Ìlọrin dé, olówó rẹ̀ bẹ̀rù pé òun náà yóò sá, ó sì tà á sí etíkun. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú ọkọ̀ tí ó gbé e lójú omi, wọ́n sì sọ̀ ọ́ sí Freetown ní 1818. Koelle, tí ó kọ ọ̀rọ̀ Kanuri lẹ́nu rẹ̀, tẹ ìtàn rẹ̀ jáde ní 1854. Mùsùlùmí ni, ogun tí ó sọ ẹrú di òmìnira ní Ìlọrin, òun náà ni ó mú kí wọ́n ta òun sí òkun. Àwọn tí ń sọ pé ogun tiwa ni, níbo ni wọn yóò fi Ali Eisami sí?

Kí a sì sọ òdìkejì rẹ̀. Ní 1821, àwọn jagunjagun kọlu Òṣóògùn, ìlú kan ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Fúlàní wà nínú wọn, Mùsùlùmí Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Wọ́n kó ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí, ẹni tí ó padà di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Àwọn tí ó kó o, àwọn ará wa ni. A kò lè sọ pé a kò mọ̀ wọ́n.

Àfọ̀njá fúnra rẹ̀ kú ní nǹkan bí 1824 lọ́wọ́ àwọn tí ó ké sí. Ṣọlágbẹrú náà, pẹ̀lú gbogbo ìmọ̀lé rẹ̀, ìjọba Ìlọrin ni ó pa á. Ní nǹkan bí 1836, Aláàfin Olúewu bá àwọn Ìbàrìbá dá ọwọ́ jọ láti lọ gba Ìlọrin. Johnson sọ pé àwọn kan nínú àwọn balógun Ọ̀yọ́ ti gbìmọ̀ láti má jà. Ọba kú sí ogun náà, ọba Ìbàrìbá pẹ̀lú. Ìròyìn dé ilé, àwọn ará ìlú di ẹrù wọn. Àwọn kan gba ọ̀nà Kìṣí, àwọn kan Ìgbòho. Àwọn mìíràn lọ sí Ìlọrin gan-an, ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ṣẹ́gun wọn. Àtìbà tún Ọ̀yọ́ tẹ̀ dó sí Àgọ́ Ọ̀jà, níbi tí ó wà di òní.

A kí ìrun Alásárì lábẹ́ igi oṣè kan. Omi inú jálá ni a fi ṣe àlùwàlá. Ilẹ̀ ibẹ̀ kún fún àpáàdì, ibi tí a tẹ́ ẹní sí pàápàá, a ní láti kọ́kọ́ ṣa á kúrò. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, bàbá ẹ̀ṣọ́ bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni mú nǹkan. Ọmọkùnrin kékeré kan nínú wa yọ àpáàdì kan jáde ní àpò rẹ̀, tí wọ́n fín ara rẹ̀ yíká. Bàbá ní kí ó dá a padà síbi tí ó ti mú un. Ọmọ náà padà lọ sẹ́bàá odi, ó wo ibí, ó wo ọ̀hún, ó pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ gbé e sílẹ̀.