Mọ́tò Agolo ní Sábó

Ní Sábó Ọ̀yọ́ tí mo ti dàgbà, agolo mílíìkì la fi ń ṣe mọ́tò. Ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Hausa, ló kọ́ wa. Kì í jẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé fọwọ́ kan agolo: táyà ni wàá kọ́kọ́ gé lára sìlípáàsì tó ti gbó. Wàá fi ìṣó lu ihò sí i láàárín gẹ́lẹ́, kí o tó ki wáyà bọ̀ ọ́. Bí ihò bá yẹ̀ díẹ̀, mọ́tò á máa tiro. Bọ̀lẹ̀kájà, ọkọ̀ onípákó ayé àtijọ́, là ń wò ṣe é.

Àwọn òyìnbó náà ń ṣe ọkọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀: ní 1949, iléeṣẹ́ Airfix nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe àwòṣe katakata Ferguson oníke. Irú ẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wa. Lójú tèmi, tiwa le jù: kò sí àwòrán atọ́nà, ojú lèèyàn fi ń wọ̀n ọ́n.